Màmá, ìbejì àti oko ní Ítálì: ẹni tó ti lọ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan táwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń gbà ní ìparí oṣù Karùn-ún ni mo fẹ́ fi kó gbogbo wa lọ sí Ítálì: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa (ọmọ ọdún 7 ni wọ́n, ọkùnrin ni Táíwò, obìnrin ni Kẹ́hìndé), àti Màmá tó bí ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mi ò fẹ́ Róòmù, mi ò fẹ́ Venice. Ó ti rẹ̀ mí. Ibi tí mo ti máa jí tí màá jókòó, tí ẹlòmíì máa dáná, tí àwọn ọmọ á máa sá kiri tí àyà mi ò ní máa já nítorí mọ́tò, ibẹ̀ ni mò ń wá. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń gba àlejò sínú oko wọn, agriturismo ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Alhaja ni Màmá, wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Páásì Nàìjíríà ni wọ́n ṣì ń lò. Ẹ̀kẹta ló le jù: nígbà tí mo sọ fún wọn pé oko là ń lọ, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, inú oko kòkó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ta kòkó kí n lè kúrò lóko. Ìwọ wá fẹ́ sanwó kí n padà síbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan fèsì.

Olóyè_Manchester

Màmá ti parí ọ̀rọ̀ jàre! Èmi bá dé Ítálì, mo fẹ́ rí nǹkan. Róòmù ọjọ́ méjì, Florence ọjọ́ kan àbọ̀, Písà wákàtí mẹ́ta láti ya fọ́tò níwájú ilé gogoro tó fẹ́ ṣubú yẹn, Venice ọjọ́ méjì, ó parí. Ọkọ̀ ojú irin wọn yára. Kí n gba físà, kí n san owó ọkọ̀ òfuurufú, kí n wá lọ jókòó ti ewúrẹ́? Ewúrẹ́ wà ní Ìjẹ̀bú.

Àkànní_Umbria

Olóyè, ẹ má bínú sí mi o, ìrìn-àjò tí ẹ tò sílẹ̀ yẹn, tí Alhaja bá fi máa padà dé Leeds, dókítà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wọn lọ rí.

Àǹtí Àdùkẹ́, ìtòsí Perugia, ní ẹkùn Umbria, ni mo ti ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlá, oko ólífì àti àjàrà tó ń gba àlejò ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ilé ìdáná wá. Agriturismo kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lọ kọ́ sábúlé. Òfin wà fún un, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1985, tí wọ́n tún un ṣe ní 2006. Àgbẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ ni ibẹ̀, iṣẹ́ oko ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí àlejò gbígbà tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú yín gbọ́dọ̀ wá láti oko tiwọn tàbí oko àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí ìwé oúnjẹ gígùn. Ohun tó bá yọ lóko láàárọ̀ la ó sè lálẹ́. Ọ̀gá mi obìnrin máa ń béèrè nídìí tíì àárọ̀ pé ẹ̀yin mélòó ló máa jẹun alẹ́. Ẹni tí kò bá dáhùn, ààwẹ̀ ló fẹ́ gbà yẹn.

Ayédèrú náà wà o. Tí ẹ bá ń wo fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti àga funfun nìkan lẹ rí, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbìn. Àgbẹ̀ gidi á ka gbogbo rẹ̀ fún yín dórí àlùbọ́sà, á tún fi fọ́tò màlúù rẹ̀ ránṣẹ́. Àmì òdòdó sunflower wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n wọn, láti ọ̀kan sí márùn-ún, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yàrá ni ìyẹn ń sọ ní pàtàkì. Kò sọ bí ọbẹ̀ ṣe dùn tó. Lójú tèmi, bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ò rí ìgbẹ́ adìẹ níbi kankan, kí ẹ fura.

Fún irú ìdílé yín, àfonífojì Val d'Orcia ni màá sọ, ní gúúsù ìlú Siena, ní ẹkùn Toscana. Òkè kéékèèké, pápá àlìkámà, igi cypress tó tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. UNESCO fi àfonífojì náà sínú ogún àgbáyé ní 2004. Ẹ wá ilé kan láàárín Pienza àti San Quirico d'Orcia, kí ẹ sun gbogbo òru méjèèje síbẹ̀. Ẹ má ṣí kúrò. Pienza ò ju ibi tí ẹ máa rìn já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Póòpù Pius Kejì, tí wọ́n bí síbẹ̀, ló tún ìlú náà kọ́ láti 1459, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Wàràkàṣì àgùntàn, pecorino, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n báyìí. Bagno Vignoni náà wà nítòsí. Níbi tó yẹ kí gbàgede wà láàárín ìlú yẹn, omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wẹ̀ nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ lẹ ó jókòó tì láàárọ̀.

Ìparí oṣù Karùn-ún dáa gan-an. Àlìkámà ṣì wà ní tútù, òdòdó pupa á kún àárín rẹ̀, oòrùn ò tíì mú. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú oko á ṣì tutù, ẹ kìlọ̀ fún ìbejì. Ìgbà yẹn náà ni baccelli ń jáde, ẹ̀wà ńlá kan báyìí tó wà nínú èèpo gígùn. Wọ́n á dà á sórí tábìlì pẹ̀lú èèpo, ẹ ó máa là á fúnra yín, ẹ ó máa jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú pecorino. Èmi ò tíì rí oúnjẹ tó jù ú lọ ní Toscana, wọn ò sì dáná sí i rárá.

Nọ́ọ̀sì_Bọ́sẹ̀

Ẹ dúró ná! Bọ̀ọ̀dá Àkànní, ẹ̀wà fava nìyẹn. Àwọn kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ò pé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkùnrin ló máa ń hàn lára jù. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ ẹ̀wà yìí, pàápàá ní tútù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́: ojú á pọ́n bíi ti ibà apọ́njú, ìtọ̀ á dúdú, ó lè gba kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé àwọn ní in, torí ẹ̀wà tiwa nílé kì í dà á sílẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn ọmọ?

Àdùkẹ́_Leeds

Hà! Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ibà apọ́njú mú Táíwò gan-an nígbà tí wọ́n bí wọn, mo rántí pé wọ́n dárúkọ nǹkan bí èyí. Màá béèrè lọ́wọ́ dókítà wa lọ́la. Títí dìgbà náà, a ò mọ ẹ̀wà yẹn rí.

Àkànní_Umbria

Ọpẹ́ yín pọ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá, mo ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ tí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbí o, favismo ni wọ́n ń pè é, àwọn ará erékùṣù Sardinia ló sì pọ̀ lára wọn jù. Tí ẹ bá ti dárúkọ yẹn, kò sí alásè tó máa bá yín jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dá Màmá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ oko. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ará ibí náà sá kúrò lóko. Mezzadria ni ètò tó wà ní Toscana àti Umbria láti ayébáyé: onílẹ̀ gba ìdajì ìkórè, ẹni tó ń ro ó gba ìdajì. Ẹ ronú ìṣákọ́lẹ̀ táwọn àgbẹ̀ kòkó ń san fún onílẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìdajì gbáko! Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ ní ìlú ńlá, àwọn ọ̀dọ́ kẹ́rù, wọ́n lọ. Ní 1964 ni òfin ní kí wọ́n má ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ́, ilé òkúta tó pọ̀ sì ti di ilé ẹyẹlé. Àwọn darandaran láti Sardinia kó àgùntàn wọn wá sórí apá kan ilẹ̀ tó ṣófo. Àwọn ilé míì, owó àlejò ló gbé wọn dìde. Ilé tí Màmá máa sùn sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé ẹni tó sá bíi tiwọn.

Olóyè_Manchester

Ìdajì? Ọ̀daràn ni onílẹ̀ yẹn. Àmọ́ ṣá, tẹ́ ẹ bá ti dé Siena, ẹ má jẹ́ kí eré ẹṣin Palio fo yín dá o, inú gbàgede ìlú ni wọ́n ti ń sá a.

Àkànní_Umbria

Ọjọ́ 2 oṣù Keje àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń sá a, Olóyè. Wọ́n ti máa délé nígbà yẹn. Èrò ibẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ìyá àgbà lọ wò.

ÌyáWúrà

Mo fẹ́ sọ ti mọ́tò, torí ó ká mi lára. Ọdún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ ìlú kan báyìí ní Toscana, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Fóònù ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún, mo yà. Mo rí pátákó róbótó kan tó ní òbìrí pupa, èdè wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀, mo rò pé wọ́n ń kí wa káàbọ̀ ni. ZTL ni. Inú ìlú àtijọ́ tó jẹ́ àwọn onílé nìkan ló lè wakọ̀ wọ̀ ọ́, kámẹ́rà sì wà lókè. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀nà ti há, mo yí po, mo gba ibẹ̀ jáde, mo tún gba ẹnu ọ̀nà míì wọlé. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, tí mo ti gbàgbé ìrìn-àjò náà, ilé iṣẹ́ tá a háyà mọ́tò lọ́wọ́ wọn yọ owó lára káàdì mi, wọ́n ní owó iṣẹ́ táwọn fi fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ni. Owó ìtanràn fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn. Méjì! Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ sí ẹ̀yìn odi ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ìlà funfun, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà búlúù, ẹ ó sanwó. Ìlà yẹ́lò, ti àwọn tí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún ni, ẹ má débẹ̀. Tí ọkọ yín ò bá mọ jíà fọwọ́ yí, kí ẹ tètè bèèrè ọ̀tọmátíìkì, torí kì í pọ̀. Ẹ má gbàgbé àga ọmọdé, òfin wọn ni fún ọmọ tí kò tíì ga tó 150 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ jẹ́ kí káàdì tí wọ́n máa fi dá owó dúró jẹ́ ti ẹni tó máa wakọ̀ gan-an, kí wọ́n má bàa dá yín padà ní káńtà.

Àdùkẹ́_Leeds

Ìyá Wúrà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé a ò lè lọ láìsí mọ́tò ni?

Àkànní_Umbria

Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Chiusi, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Montepulciano tàbí Pienza. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ò pọ̀, ọjọ́ Àìkú ló burú jù, oko náà sì sábà máa ń wà ní òpin ọ̀nà eléruku funfun kan tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Pẹ̀lú Màmá àti ọmọ méjì, ẹ háyà mọ́tò. Láti pápákọ̀ òfuurufú Perugia, kò tó wákàtí méjì. Láti Písà, ó lé ní wákàtí méjì dáadáa, ẹ ó sì san owó ọ̀nà tẹ́ ẹ bá gba autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ wọn.

Túnjí_Páásì

Lórí físà Màmá: Schengen ni wọ́n nílò, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ọ̀dọ̀ Ítálì ni ẹ máa fi ìwé sí torí ibẹ̀ nìkan lẹ ń lọ. Ẹ lè fi í sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Tí ọjọ́ tó kù kí ẹ gbéra ò bá tó 15 mọ́, ó ti pẹ́ jù. 90 euro ni láti oṣù Kẹfà 2024, yàtọ̀ sí owó àwọn tó ń gba ìwé. Ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 euro ó kéré tán. Kí àgbẹ̀ náà kọ lẹ́tà tó dárúkọ Màmá, ọjọ́ tí wọ́n ń dé àti ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Páásì UK tiyín náà, ẹ wò ó: kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde.

AbdulHakeem_Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, a-salaamu alaikum. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ mọ́tò, oúnjẹ Alhaja ńkọ́? Mo ti gbọ́ pé ibi tí ẹ ò bá tilẹ̀ rí ẹran, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lè wà níbẹ̀. Wàràkàṣì wọn náà, inú ọmọ ẹran ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń mú kó dì. Àwọn kan lára wa kì í jẹ ìyẹn.

Àkànní_Umbria

Wa alaikumu salaam, àbúrò. Òótọ́ lo sọ, ibi tí àlejò sì máa ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n á ní ọbẹ̀ màlúù ni ragù, wọ́n á ti lọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn. Ribollita, ọbẹ̀ ewé àti ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì àná, ó yẹ kó jẹ́ ewé lásán, àmọ́ ìyá àgbà míì á kọ́kọ́ yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìkòkò. Wáìnì náà ń wọnú ọbẹ̀. Kí Àǹtí Àdùkẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó: niente maiale, niente strutto, niente vino in cucina. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọ̀rá rẹ̀, kò sí wáìnì nínú ọbẹ̀. Ilé tó bá ní àwọn ò lè ṣe é, ó ti ṣe yín lóore.

Ohun tí Màmá máa gbádùn ni pici all'aglione. Ìyẹ̀fun àti omi ni pici, wọ́n á fọwọ́ yí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pátákó títí á fi gùn bí okùn, ó nípọn ju sùpàgẹ́tì lọ. Aglione jẹ́ áyù ńlá kan láti àfonífojì Valdichiana tí kì í ta lẹ́nu, wọ́n á sè é mọ́ tòmátì. Kí wọ́n mú ata gígún tiwọn dání o. Búrẹ́dì Toscana náà ò níyọ̀. Ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ti wàràkàṣì, ẹ béèrè caglio vegetale. Òdòdó igi ẹlẹ́gùn-ún kan, cardo, ni wọ́n fi ń mú wàrà yẹn dì. Kì í ṣe gbogbo darandaran ló ń ṣe é, àmọ́ ó wà.

AbdulHakeem_Ìṣẹ́yìn

Bíi bomubomu tiwa nìyẹn, ewé táwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì!

Olóyè_Manchester

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lójú kan. Ẹ ó pariwo.

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tá a ti dé, mo ní n padà wá jíṣẹ́.

Físà Màmá jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Túnjí. Àyẹ̀wò Táíwò náà jáde: ó ní ohun tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ. Kẹ́hìndé ò ní in. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́.

Oko méjì kọ́kọ́ kọ̀ wá nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ìkẹta gbà. Màlúù, àlìkámà àti ólífì ni tiwọn, Pienza sì wà lórí òkè níwájú fèrèsé wa. Lọ́jọ́ kìíní, Màmá ò kúrò lórí àga. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rìn yí oko náà ká, wọ́n ń fẹsẹ̀ ta erùpẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ náà le bí òkúta, pé ta ló ń ro irú èyí.

Lọ́jọ́ kẹta, onílé mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ darandaran kan ní ìsàlẹ̀ òkè, bàbá arúgbó tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá láti Sardinia. Aago mẹ́fà àárọ̀. Ó ti gbé wàrà kaná nínú ìkòkò bàbà ńlá. Ó bu omi aláwọ̀ ilẹ̀ kan láti inú jọ́ọ̀gì, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sí i. Màmá gba jọ́ọ̀gì náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rí òdòdó gbígbẹ tó kù nísàlẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń wá fóònù tó fẹ́ fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí Màmá ní, "Bomubomu." Wọ́n ní ìyá Fúlàní kan máa ń gbé wàrà wá sí ọ̀nà oko wọn lọ́jọ́ ọjà, àwọn làwọn máa ń bá a já ewé, pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí oje rẹ̀ wà nu ojú. Bàbá náà ò gbọ́ ẹyọ kan. Ó kàn fa igi tí wọ́n fi ń fọ́ wàrà dídì lé wọn lọ́wọ́, Màmá sì ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ títí tó fi dà bí hóró àgbàdo. Omi tó ṣẹ́kù ni bàbá tún gbé kaná tí ricotta, wàràkàṣì rírọ̀ kan, fi léfòó, funfun báláú, ó bù ú fún wa ní gbígbóná nínú abọ́. Ibẹ̀ ni Màmá ti wá béèrè pé ìgbà wo la tún máa padà wá.

Bàbá darandaran náà kó ẹ̀wà fava yẹn sórí tábìlì. Mo na ìka sí Táíwò, mo ní favismo. Bàbá yẹn ò sọ nǹkan kan, ó kó gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú èèpo padà sínú àpò, ó lọ jù ú síta, ó fọ ọwọ́, ó nu tábìlì, ó fi ṣẹ́rì rọ́pò rẹ̀. Onílé sọ fún wa pé àbúrò darandaran náà ọkùnrin ní in.

Màmá fẹ́ gbé odindi wàràkàṣì kan bọ̀ wálé. Kò ṣeé ṣe. Láti oṣù Kẹrin 2025 ni ìjọba UK ti ní kí arìnrìn-àjò má kó wàrà àti ẹran wọlé láti Yúróòpù, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó ń mú màlúù. Òróró ólífì nìkan la kó sínú àpótí. Ìlú tá a wọ̀, Pienza àti Bagno Vignoni. Ẹ̀yìn odi la gbé mọ́tò sí, Ìyá Wúrà.

Olóyè_Manchester

Ìlú méjì péré. Ó dáa. Àdùkẹ́, fi orúkọ oko yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

AbdulHakeem_Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè kan. Tí bomubomu bá pọ̀ nínú wàrà tiwa, ó máa ń korò. Tiwọn ńkọ́?

Àdùkẹ́_Leeds

Ó korò díẹ̀, lẹ́yìn tó o bá ti gbé e mì. Èmi ò tiẹ̀ fura. Màmá ló sọ ọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ìyá Fúlàní yẹn ṣe máa ń rí.